Lọ́ńdọ̀nù sí Tokyo: ẹ má fi kìlómítà ṣírò wákàtí

Ẹ béèrè bí Lọ́ńdọ̀nù ṣe jìnnà sí Tokyo tó, àti iye wákàtí tí bàálù ń lò. Bí a bá na okùn láti ìlú kan sí èkejì, ó tó nǹkan bíi 9,600 kìlómítà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí iye yẹn ra ohunkóhun. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà òtútù ọdún 2023, owó tíkẹ́ẹ̀tì kan sì wọgbó.

Mo mọ̀ pé bàálù ńlá máa ń sá tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Mo pín in, ó fún mi ní wákàtí 10 àti ogójì ìṣẹ́jú. Tokyo fi wákàtí 9 ṣíwájú nígbà òtútù (8 ni nígbà ooru, torí Japan kì í yí aago padà). Mo ní bí mo bá gbéra ní aago 11 àárọ̀, aago 7 àárọ̀ ọjọ́ kejì kò ní lù kí n tó balẹ̀. Ni mo bá kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé mi láti Narita, pápákọ̀ òfurufú kan nítòsí Tokyo, lọ sí Sapporo, ìlú mìíràn ní Japan, ní aago 1 ọ̀sán, irú èyí tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà.

Ìgbà tí mo wá fẹ́ ra ti ọ̀nà jíjìn ni mo rí wákàtí 14. Láti oṣù kejì ọdún 2022 ni Rọ́ṣíà ti ti ojú òfurufú rẹ̀ mọ́ bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ti Japan náà kò sì gba ibẹ̀ mọ́. Orí Siberia, ní Rọ́ṣíà, ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi ń dé ní nǹkan bíi wákàtí 12. Ní báyìí, gúúsù ni wọ́n ń yí gbà, kọjá Tọ́kì àti àárín Éṣíà.

Mo ní wákàtí mẹ́ta ṣì wà, á tó mi. Mo balẹ̀ ní aago 10 kọjá díẹ̀, àmọ́ Haneda, pápákọ̀ òfurufú Tokyo kejì, la balẹ̀ sí, mi ò sì ti wo ìyẹn dáadáa. Láti Haneda dé Narita, bọ́ọ̀sì ń lò ju wákàtí kan lọ. Ìlà imigiréṣọ̀n gùn. Mo tún ní láti gba ẹrù mi, kí n gba kọ́sítọ́mù kọjá. Nígbà tí mo dé Narita, wọn ò gba ẹrù mọ́. Torí pé tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì dá dúró lọ́tọ̀, èmi fúnra mi ni mo ra òmíràn, ní iye tó dùn mí dọ́kàn.

Nítorí náà, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀nà jíjìn ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ sì wo aago tí ẹ máa balẹ̀ àti lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n kọ síbẹ̀: HND ni Haneda, NRT ni Narita. Bí ẹ bá tún ń lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, ilé-iṣẹ́ bàálù ni yóò wá òmíràn fún yín.

Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, ọ̀pọ̀ bàálù máa ń gba òkè àríwá, lórí Alaska àti Greenland, torí afẹ́fẹ́ líle tó ń fẹ́ lókè láti ìwọ̀-oòrùn. Ìyẹn náà ń gba wákàtí 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kúrò ní aago 10 àárọ̀ nígbà òtútù, ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, bí aago 3 ààbọ̀, lẹ máa balẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá fẹ́ wá gbé yín, aago Lọ́ńdọ̀nù ni kí ẹ sọ fún un.