Kẹ́mò ta sí mi lápá, mo sì lóyún oṣù méjì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Iléṣà níbí, mi ò ní dárúkọ ọsibítù wa torí ibẹ̀ náà ni mo ti ń jẹun. Wọ́ọ̀dù wa máa ń gba àwọn tó ní jẹjẹrẹ, àwa nọ́ọ̀sì la sì ń po kẹ́mò, oògùn jẹjẹrẹ, fúnra wa lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, fáànù á máa fẹ́ lókè torí ooru. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń fa èyí tó pupa yẹn, bí mo ṣe yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu ìgò báyìí ló ṣe fííì, ó ta sí mi lápá, lókè ibi tí ìbọ̀wọ́ mọ. Mo fi sánítáísà nù ún. Ọ̀gá wa ní kí n lọ mu mílíìkì, pé ọdún kejìdínlógún tóun ti ń pò ó rèé, kò sóhun tó ṣe òun. Mà, mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ pé mo lóyún, ó ń lọ sí oṣù méjì. Mi ò rí oorun sùn mọ́. (Nọ́ọ̀sì kan, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Sístà, ẹ kú ewu o. Ẹ kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀ ná. Ẹ̀ẹ̀kan tó ta sí yín lápá yẹn ò ní kí oyún ti bà jẹ́, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn lé oorun lójú yín. Èyí tó ń kọ mí lóminú ni ti ojoojúmọ́, ti tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé àti fáànù, torí ìyẹn kì í ṣe fííì, kì í pupa, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó ń wọ ara yín.

Ti mílíìkì, irọ́ ni jàre. Inú ikùn ni mílíìkì ń lọ, awọ ara àti imú ni oògùn gbà wọlé, níbo ni wọ́n ti fẹ́ pàdé? Epo pupa tí àwọn mìíràn ń mu náà ò yàtọ̀. Sánítáísà tún wá burú ju mílíìkì lọ, torí ọtí ò lè pa kẹ́mò, ńṣe ló máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ lójú awọ. Tó bá ta síni lára, ọṣẹ àti omi tó pọ̀ ni, lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú ni, kí omi máa ṣàn sí i fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ tó sáré lọ bá dókítà.

Ṣé ẹ rí i, sẹ́ẹ̀lì, àwọn nǹkan kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa, èyí tó bá ń yára pọ̀ nínú wọn ni kẹ́mò ń pa, bó ṣe ń mú jẹjẹrẹ nìyẹn, bó sì ṣe ń já irun aláìsàn náà nìyẹn. Kò mọ ẹni tó ní jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí ẹni tó mú abẹ́rẹ́ dání. Aláìsàn ń rí àǹfààní ẹ̀ ló ṣe ń fara da ìyà ẹ̀, kí lẹ̀yin ń rí níbẹ̀? Tá a bá sì ń sọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pọ̀, kí ló tún yá bí oyún oṣù méjì?

Ojú ogun loògùn yìí ti wá o. Ní 1917 àwọn Jámánì tú gáàsì olóró kan tó ń jẹ́ mọ́sítáàdì sójú ọmọ ogun ní Ypres ní Belgium, àwọn dókítà wá ṣàkíyèsí pé ó ń run sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, nígbà tó di 1942 wọ́n fi ìbátan gáàsì yẹn tọ́jú aláìsàn jẹjẹrẹ ní Yale ní Amẹ́ríkà. Cyclophosphamide tó ṣeé ṣe kó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín, ìdílé yẹn kan náà ló ti jáde, IARC, àjọ àgbáyé tó ń yẹ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ wò, sì ti kà á mọ́ ìsọ̀rí kìn-ín-ní, níbi tí sìgá wà. Oògùn tó ń wo jẹjẹrẹ tó tún lè fà á, ẹ ò rí nǹkan!

Ní 1979 wọ́n yẹ ìtọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń po oògùn yìí wò ní Finland, ohun tó lè da sẹ́ẹ̀lì rú pọ̀ nínú ẹ̀ ju ti àwọn tí kì í fọwọ́ kàn án lọ, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì ni wọ́n o, wọn kì í ṣe aláìsàn. Ní 1985 ìwádìí mìíràn tún jáde láti Finland yẹn náà pé àwọn nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ kan kẹ́mò ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún, oyún wọn ń wálẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Mo mọ̀ pé àwa kì í kéde oyún kó tó yọ, mo sì mọ ohun tí ìyá yín àti ìyá ọkọ yín á sọ, pé kẹ́ ẹ pa ẹnu mọ́, pé ayé le. Àmọ́ oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi pa á mọ́ yẹn náà ló léwu jù, tẹ́ ẹ bá dúró títí ikùn á fi yọ, ohun tá à ń sá fún ti kọjá lára yín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ sọ fún, mátírọ́ọ̀nù, lọ́la, ní yàrá wọn, ẹ ní àṣírí ni. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ fẹ́ kúrò nídìí pípo kẹ́mò, fífún aláìsàn, àti dída ìtọ̀ wọn nù, títí ẹ ó fi bímọ, títí ẹ ó fi já ọmọ lẹ́nu ọmú pẹ̀lú. Ẹ ní kí wọ́n kọ ti ọjọ́ tó ta sí yín náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún dókítà tẹ́ ẹ forúkọ oyún sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ọ̀gá yín ńkọ́? Ẹni tó ti ń gun ọ̀kadà láti Iléṣà dé Ifẹ̀ lọ́dún méjìdínlógún láìdé akoto tí kò ṣubú, ká dúpẹ́ ni, a ò lè wá sọ pé akoto ò wúlò.

Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ má rò pé mò ń dá yín lẹ́jọ́. Tábìlì tá a fi ń po kẹ́mò nígbà yẹn náà la fi ń jẹ búrẹ́dì àti àkàrà láàárọ̀. Ìgbà tó yá làwọn kan wá kọ́ wa níṣẹ́, wọ́n bu omi aláró kan sínú ìgò dípò oògùn, wọ́n ní ká pò ó bá a ṣe máa ń pò ó. A ṣe tán, ọwọ́ wa mọ́ tónítóní lójú tiwa. Wọ́n pa iná, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò kan. Ha! Omi aláró yẹn ń tàn, ó wà lára báírò mi, ó wà lọ́wọ́ ilẹ̀kùn, ó wà lójú fóònù, ó wà létí mi níbi tí mo ti họra. Láti ọjọ́ yẹn mi ò jẹun níbẹ̀ mọ́.

Àwọn apòògùn ló yẹ kó máa pò ó, nínú àpótí onígíláàsì tó ń fa afẹ́fẹ́ wọnú kúrò lójú ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tó ń sẹ́ ẹ kó tó tú u jáde. Owó ńlá ni lóòótọ́, iná sì gbọ́dọ̀ wà, bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ dáwọ́ dúró ni. Kí ẹ̀yin tó kù níbẹ̀ kóra jọ béèrè ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ò lè dá a béèrè. Kó tó dé, ẹ wá yàrá tí ò sí fáànù, tí èèyàn kì í gbà kọjá. Ìbọ̀wọ́ méjì-méjì tí ò ní páúdà, kí ọ̀kan wọ abẹ́ ọwọ́ gáùn, kí ìkejì bo orí ẹ̀, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ bí ìṣẹ́jú 30 bá pé tàbí tó bá ya. Másíìkì aṣọ tàbí èyí tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ ò dá páúdà oògùn dúró. Fííì yẹn náà nídìí, afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ tì sínú ìgò ló pọ̀ jù, kó máa kéré sí oògùn tẹ́ ẹ fẹ́ fà. Omi iyọ̀ lásán ni kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fi kún okùn dírípù kẹ́ ẹ tó so kẹ́mò mọ́ ọn, kó má baà máa kán sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà. Klínà ni mí ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n ń fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ìbọ̀wọ́, wọ́n ní tiwa ò sí. Èmi ni mò ń da ìtọ̀ aláìsàn kẹ́mò, nígbà mìíràn ó máa ń pupa bíi ẹ̀jẹ̀. Ṣé ó lè ràn mí?

ÌDÁHÙN: Jẹjẹrẹ kì í ran èèyàn, ẹ̀gbọ́n mi. Pupa yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, oògùn kan tó ń jẹ́ doxorubicin ló máa ń pa ìtọ̀ láró fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ó kàn fi hàn yín ni pé oògùn wà níbẹ̀. Ó máa ń wà nínú ìtọ̀, ìgbẹ́ àti èébì fún wákàtí 48 ó kéré tán, èyí tí ò láwọ̀ sì pọ̀ ju aláwọ̀ lọ. Nítorí náà ẹ̀yin gan-an lẹ nílò ìbọ̀wọ́, gáùn pẹ̀lú, ọsibítù ló sì yẹ kó rà á, kì í ṣe owó oṣù yín. Ẹ bá nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ jọ mọwọ́ ara yín sọ ọ́, kó bá yín gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Tí ìgò kẹ́mò bá fọ́ sílẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ o, yóò fò sí yín nímú. Ẹ pe nọ́ọ̀sì, kí wọ́n fi nǹkan tó ń fa omi bò ó mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá fọ ilẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, mọ́ọ̀pù yẹn ò sì gbọdọ̀ dé wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún.

ÌBÉÈRÈ: Màmá mi ń gba kẹ́mò, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé ní Iléṣà. Ìyàwó mi ti ya àwo wọn sọ́tọ̀, kì í jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ wọn. Ṣé ó tọ́?

ÌDÁHÙN: Kò tọ́, ṣùgbọ́n ẹ má bá a jà, ẹ̀rù ló ń bà á. Fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn kẹ́mò kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ máa wọ ìbọ̀wọ́ fọ aṣọ tí ìtọ̀ tàbí èébì kàn, lọ́tọ̀, lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ dé ọmọrí àwo ilé ìyàgbẹ́ kẹ́ ẹ tó fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìyàwó yín bá lóyún, kí ẹlòmíràn ṣe ìyẹn. Màmá lè dì mọ́ ọmọ-ọmọ wọn. Àwo yẹn, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ dá a padà sáàárín tàwọn yòókù.