Ìtàn ni mo kà: ṣé mo lè ṣe másítà nínú ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, mo sì ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ bọ̀ fún ọdún mẹ́ta l'Óṣogbo. Mo fẹ́ ṣe másítà nínú ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ṣé wọ́n á gbà mí? Kí ni kí n kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi ń béèrè ìdí téèyàn fi fẹ́ kà á? Tí mo bá ṣe tán, ṣé ambásádọ̀ ni n ó dà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ lórí ti Ìtàn. Àwọn òpìtàn àti amòfin ló ń bá iṣẹ́ yìí yí kó tó ní ẹ̀ka tirẹ̀ ní Aberystwyth, nílẹ̀ Wales, ní 1919. Ọ̀pọ̀ wa ṣì ń gba ọ̀nà ibẹ̀ wọlé.

Lẹ́tà yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Èyí tí mo ti kà kì í ṣe kékeré, mo sì ti mọ ìlà àkọ́kọ́ sórí: "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àlàáfíà àgbáyé." Ẹni tó ń kà á á ti yán kó tó dé ìlà kejì. Ọ̀rọ̀ kan tó ṣe é fọwọ́ kàn ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ wo bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, láàárín Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin. Ní oṣù kẹjọ 2019, ìjọba àpapọ̀ tì í pa. Oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí i. Bẹ́ẹ̀, láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Kí wá ni àdéhùn wúlò fún tí ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí i bá dédé ti ilẹ̀kùn? Ọgbọ́n wo làwọn ìyá tó ń ná ọjà láti Badagry sí Kútọnu dá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ òpìtàn tiẹ̀ lè padà sí 1889, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó pín ilẹ̀ náà, tí Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, fi bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ẹni tó kọ irú èyí, wọ́n á fẹ́ gbọ́ ẹnu ẹ̀.

Másítà nìkan kò sọ èèyàn di ambásádọ̀. Ààrẹ ló ń yàn wọ́n, ilé aṣòfin àgbà á sì yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tó bá fẹ́ gun àkàbà iṣẹ́ náà láti ìsàlẹ̀, ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ tìjọba ló máa ṣe. Ohun tí mo rí pé ó ń ya ẹnìkan sọ́tọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí ni èdè Faransé. Kò sí aládùúgbò kan tá a jọ pààlà lórí ilẹ̀ tí wọn kì í sọ ọ́. Abúlé Faransé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè náà, wà ní Àjàrá, lẹ́bàá Badagry. Ẹ lo ìsinmi kan níbẹ̀.

Ní ti owó, ìjọba Bìrìtìkó ń fi ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Chevening gbé gbogbo ìnáwó másítà ọdún kan nílẹ̀ wọn. Wọ́n á béèrè iṣẹ́ ọdún méjì lọ́wọ́ yín (iṣẹ́ olùkọ́ wà nínú ẹ̀), ẹ sì gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọdún méjì. Tẹ́ ẹ bá ní ọkọ tàbí ọmọ, ẹ rántí pé láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ lọ ṣe másítà inú kíláàsì (kì í ṣe ti ìwádìí) níbẹ̀ kò lè kó ìdílé dání mọ́, àmọ́ òfin náà yọ ẹni tí ìjọba ń sanwó fún, bíi ti Chevening, sílẹ̀. Ẹ tètè sọ ìyẹn nílé kẹ́ ẹ tó gba fọ́ọ̀mù.