"Therapeutic grade" lára ìgò ò sọ nǹkan kan, ìwé batch ẹ̀ dà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ń po ìpara àti ọṣẹ tà, essential oil, òróró olóòórùn tí wọ́n fún lára ewé àti èèpo, ni mo fi ń fún wọn lóòórùn, mo sì tún ń lọ ewé gbígbẹ fáwọn tó fẹ́ rẹ ẹ́ mu. Ẹni tó ń ta òróró fún mi kọ "100% pure, therapeutic grade, FDA approved" sára ìgò. Ṣé ìyẹn tó kí n fọkàn balẹ̀? Kọ́sítọ́mà kan tó fẹ́ máa rà á lọ́pọ̀ ń béèrè ìwé, mi ò sì mọ ìwé tó ń sọ. Mo ti ní tea tree lítà méjì nílẹ̀ báyìí.

Ìdáhùn: Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ara ìgò yẹn kúrò nílẹ̀. Therapeutic grade yẹn, kò sí ìjọba kankan tó ń fún èèyàn ní nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń tajà ló gbé e jáde, ó dùn létí, wọ́n sì ń lò ó lọ. FDA approved ló tiẹ̀ ń bí mi nínú jù. FDA ti Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, kì í fọwọ́ sí ìpara tàbí òróró tí wọ́n fi ń ṣe é kó tó dọ́jà, aró tó ń yí àwọ̀ ẹ̀ padà ni wọ́n máa ń fọwọ́ sí. Òfin MoCRA tí wọ́n ṣe ní 2022 ní kí ilé iṣẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n sì kọ ọjà wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ FDA, àmọ́ kéèyàn forúkọ sílẹ̀ ò túmọ̀ sí pé wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń kọ ọ́ sára ìgò, ó ń parọ́ ni àbí kò mọ ohun tó ń sọ, èyí tó wù kó jẹ́, ẹ fura sí i.

Ìwé tí kọ́sítọ́mà yín ń béèrè, CoA (Certificate of Analysis) ló ṣáájú, ìyẹn èsì àyẹ̀wò batch tẹ́ ẹ rà gan-an, òróró tí wọ́n ṣe pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní batch tẹ́ ẹ rà gan-an o, torí ọ̀pọ̀ olùtajà ní PDF kan tí wọ́n ti ṣe látọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òun náà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá béèrè. Ẹ gbé ìgò síwájú, ẹ wo nọ́ńbà batch tó wà lára ẹ̀ àti èyí tó wà lókè ìwé, tí wọn ò bá bára mu, ìwé yẹn ò kan òróró tó wà lọ́wọ́ yín rárá. Ẹ wo déètì, ẹ wo orúkọ Látìnì ewé náà pẹ̀lú, tea tree sábà máa ń jẹ́ Melaleuca alternifolia.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan GC-MS, ẹ̀rọ tó ń tú òróró palẹ̀ tó sì ń sọ iye gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Fún tea tree, ìwọ̀n tí ISO 4730, ìlànà àgbáyé fún òróró yìí, gbé kalẹ̀ ní 2017 fún àwọn kẹ́míkà inú ẹ̀ ni pé kí terpinen-4-ol wà láàárín 35 sí 48%, kí 1,8-cineole má kọjá 10%, kí p-cymene wà láàárín 0.5 sí 8%. P-cymene yẹn ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Bí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń ba òróró náà jẹ́ ló ń pọ̀ sí i, tẹ́ ẹ bá rí i tó ti ń lọ sí 8, òróró yẹn ti pẹ́ nílẹ̀ ni àbí wọn ò tọ́jú ẹ̀ dáadáa, irú tó ti gbó bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń mú kí ara èèyàn yún kó sì lé ròrò ju èyí tó ṣì tuntun lọ.

Ẹ máa gbọ́ táwọn kan á ní kẹ́ ẹ kán an sórí bébà funfun, pé tó bá fi ojú epo sílẹ̀, àbùlà ni. Ó lè mú ẹni tó fi òróró jíjẹ là á, kò lè mú ẹni tó fi kẹ́míkà olóòórùn là á, bẹ́ẹ̀ ògidì òróró tó ki bíi vetiver náà máa ń fi ojú sílẹ̀ lórí bébà.

Kí òróró jẹ́ ògidì ò sì ní kó má léwu. Ògidì wintergreen, ṣíbí tíì kan ṣoṣo, tẹ́nì kan bá gbé e mì, ó ju kéèyàn gbé ogún aspirin mì lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Bergamot tí wọ́n fún lára èèpo, tẹ́ ẹ bá fi sínú ìpara tí oòrùn á rí, ó lè jó ara èèyàn, ìdí nìyẹn tí IFRA fi ní kó má kọjá 0.4%, ìyẹn gíráàmù 4 nínú kílò ìpara kan. IFRA kì í ṣe ìjọba o, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ olóòórùn ni, ọdún 1973 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ̀pọ̀ àwọn tó ń yẹ ìpara wò ń tẹ̀ lé, torí náà ẹ gba ìwé IFRA ti òróró kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba SDS náà, ìwé tó ń sọ ewu tó wà nínú òróró àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀, àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kẹ́rù máa béèrè ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ òróró yìí ló tètè ń gbiná.

Tí kọ́sítọ́mà yín bá fẹ́ tà á ní Yúróòpù, òfin 1223/2009 ní kí ẹni tó kàwé ẹ̀ dáadáa yẹ ìpara kọ̀ọ̀kan wò kó sì kọ ìwé pé kò léwu. Ohun tó lè mú kí ara yún, bíi linalool àti limonene, gbọ́dọ̀ fara hàn lára ìgò tó bá ti ju 0.001% lọ nínú ohun tí wọ́n ń pa mọ́ra, tàbí 0.01% nínú èyí tí wọ́n ń ṣàn dà nù. Wọ́n tún ti fi kún irú àwọn nǹkan tó gbọ́dọ̀ fara hàn bẹ́ẹ̀ ní 2023, wọ́n ti lé ní 80 báyìí. Pé inú ewé ló ti wá ò yọ yín.

Ẹnu tẹ́ ẹ fi ń polówó wá ńkọ́? Ìpara kan náà, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé ó ń mú ara jọ̀lọ̀, ìpara ni, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé ó ń wo làpálàpá, ó ti di oògùn lójú òfin níyẹn, òfin oògùn sì le. Ní 2014, FDA kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sáwọn ilé iṣẹ́ essential oil torí àwọn tó ń bá wọn tajà ń sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ fún Ebola. Ohun tẹ́ ẹ kọ sí Facebook àti WhatsApp wà lára ìpolówó o, kì í ṣe ara ìgò nìkan.

Ti ewé lílọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí wọ́n ń mu ún, tí wọ́n bá sì ti lọ̀ ọ́ tán, ojú ò lè dá a mọ̀ mọ́. Ní Bẹ́ljíọ̀mù níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sókè, wọ́n ṣi ewéko tó ń jẹ́ Aristolochia mú dípò Stephania nínú oògùn tó ń mú kéèyàn tẹ́ẹ́rẹ́, kíndìnrín obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún bà jẹ́, àwọn kan tún ní jẹjẹrẹ lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ ra ewé yín nígbà tí ojú ṣì lè dá a mọ̀, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ fúnra yín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí lab wo májèlé irin bíi òjé àti àwọn kòkòrò tó wà nínú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì ń ronú àtiṣe sprẹ́ì olómi, essential oil nìkan ò lè dáàbò bo omi, ó ń fẹ́ ohun tí kì í jẹ́ kó bà jẹ́. Ní 2021 ní Amẹ́ríkà, èèyàn mẹ́rin kó àìsàn lára sprẹ́ì olóòórùn kan tí kòkòrò Burkholderia pseudomallei wà nínú ẹ̀, méjì nínú wọn kú.

Ní ti lítà méjì tó wà nílẹ̀, ẹ kọ̀wé sí olùtajà yín lónìí, ẹ kọ nọ́ńbà batch sí i, kẹ́ ẹ béèrè CoA àti GC-MS ẹ̀. Tó bá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, ẹ bu díẹ̀ ránṣẹ́ sí lab fúnra yín, owó ẹ̀ máa dùn yín díẹ̀, mo mọ̀. Kí èsì tó dé, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò dúdú kéékèèké kó kún dẹ́nu, ẹ gbé e síbi tó tutù, ẹ má sì tíì pò ó mọ́ ohun tẹ́nikẹ́ni máa pa mọ́ra.