Kí ni “Ojarô”? Bí ìdílé ọba Kétu kan ṣe dé Bahia

Àbúrò mi kan tó ń kàwé ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, ló kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbí, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bọ òrìṣà ló máa ń sọ pé ‘Ketu’ ni òun. Ilé òrìṣà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Alaketu. Wọ́n ní ọmọ ọba ni ìyá tó dá a sílẹ̀, Otampê Ojarô lorúkọ rẹ̀. Ṣé Kétu ti Èkó ni wọ́n ń wí ni? Kí ni Ojarô? Ṣé èèyàn sì lè mọ agbo ilé tó ti ṣẹ̀ wá lẹ́yìn igba ọdún, àbí wọ́n kàn ń fi ọmọ ọba ṣe fáàrí ni?”

O káre, àbúrò mi. Èyí tó rọrùn jù nínú ìbéèrè rẹ ni màá kọ́kọ́ yanjú. Kì í ṣe Kétu Èkó o. Kétu tí wọ́n ń wí wà ní orílẹ̀-èdè Benin, kò sì jìnnà sí ẹnubodè Nàìjíríà rárá. Mẹ̀kọ tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí, abẹ́ Alákétu, ọba Kétu, ló wà látijọ́. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ pín ilẹ̀ ní 1889, wọ́n fa ìlà gba àárín ìjọba náà kọjá. Ọba wà lápá kan, àwọn kan nínú àwọn èèyàn rẹ̀ wà lápá kejì. Tí o bá wá gbọ́ pé ìdílé Kétu kan wà ní orílẹ̀-èdè méjì, má rò pé wọ́n ṣí lọ. Orí ilẹ̀ wọn ni wọ́n jókòó sí tí ìlà fi bá wọn.

Ìrìn tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé. Nínú ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ sílẹ̀, obìnrin ni Alákétu fi tan mọ́ Odùduwà: ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan tó jẹ́ obìnrin ló bí ẹni tó kọ́kọ́ jẹ Alákétu. Ní Kétu fúnra rẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Ṣóìpàṣán ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Ifẹ̀, tí wọ́n forí lé ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n tẹ̀ dó sí Òkè Ọyán. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ wọ́n ṣí lọ sí ibì kan tó ń jẹ́ Arò. Fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀. Ọba bíi mélòó kan jẹ ní Arò kó tó kan Ẹdẹ, ọba keje, òun ló sì kó wọn dé ibi tí Kétu wà títí dòní.

Ọdẹ kan tí wọ́n ń pè ní Alalumọn ló mọ̀nà ibẹ̀. Ìtàn ní òru ni wọ́n wọlé, kò sì sí iná lọ́wọ́ wọn. Arúgbó obìnrin kan tó ti ń gbé ìtòsí, Yá Mẹ́pẹ̀rẹ́, ni wọ́n lọ bá kó tó di pé wọ́n rí iná dá. Ìtàn ìṣílọ mélòó lo ti gbọ́ tó jẹ́ pé ogun àti idà ló kún inú rẹ̀? Ní ti Kétu, ẹni tó fún wọn níná ni wọn kò gbàgbé. Nígbà tí wọ́n bá ń fi Alákétu tuntun jẹ, ara ètò ìwúyè ni pé kó tún ìrìn àwọn baba ńlá rẹ̀ rìn, kó ya ibi tí wọ́n yà, iná Yá Mẹ́pẹ̀rẹ́ sì ní àyè tirẹ̀ nínú ètò náà. Oyè kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Baba Ẹlẹ́gùn, oyè ìdílé ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka ìtàn ìlú láti Ifẹ̀, ọba dé orí ọba, láìwo ìwé. Bàbá ló ń kọ́ ọmọ.

Ní ti ìtumọ̀ “Kétu” gan-an, ìtàn tí wọ́n máa ń pa ni pé wọ́n sin abuké kan sí ẹnu odi ìlú, níbi tí wọ́n ń pè ní Àkábà Ìdẹ́nà, kí ìlú má bàa fọ́. Wọ́n wá ń pa á lówe pé “Ké tú iké? Ké fọ́ ìlú?”, ìyẹn ni pé ta ló lè tú iké ẹ̀yìn abuké, ta ló wá lè fọ́ ìlú? Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Gírámà tiwa ló ta kò ó díẹ̀. Wo bí a ṣe ń ṣe oyè ọba: Òwu fún wa ní Olówu, Aké fún wa ní Aláké, ṣùgbọ́n Ṣábẹ̀ ń fún wa ní Oníṣábẹ̀, nítorí kọ́ńsónáǹtì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ “Kétu” lásán ni orúkọ ìlú náà láti ìbẹ̀rẹ̀, “Oníkétu” ni ìbá jẹ́ orúkọ oyè ọba wọn. “Alákétu” fi hàn lójú tèmi pé fáwẹ̀lì kan ti wà níwájú orúkọ náà rí, “Akétu”, kí ẹnu tó gé e. Èmi gbà pé lẹ́yìn tí orúkọ ti wà ni ìtàn iké tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn kò sọ pé wọn kò sin ẹnikẹ́ni sẹ́nu odi o. Dàhòmì sì padà wá fọ́ ìlú náà ní 1886, ó di ahoro fún ọdún bíi mẹ́jọ kí àwọn tó ṣẹ́ kù tó padà tún un tẹ̀ dó.

Ó yá, Ojarô.

Ìdílé márùn-ún ló ń jọba ní Kétu ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé: Aláàpíni, Mágbó, Arò, Mẹ̀ṣà àti Mẹ̀fù. O ti rí Arò láàárín wọn, orúkọ kan náà pẹ̀lú ibi tí wọ́n sùn sí kí wọ́n tó dé Kétu. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìdílé Arò ló wà lórí oyè, Akibiohu sì ni ọba. Ní 1789, ogun Dàhòmì kọlu ilẹ̀ Kétu, wọ́n kó èèyàn lẹ́rú. Àwọn Dàhòmì ń yangàn pé àwọn ṣẹ́gun, àwọn ará Kétu ní irọ́ ni, àwọn ló lé wọn. Ta ló wù kó borí, àwọn kan lọ, wọn kò padà. Ìtàn ilé Alaketu ní Bahia sọ pé ọmọ-ọmọ ọba Akibiohu ni Otampê Ojarô, pé ìbejì ni òun àti èkejì rẹ̀, pé wọ́n jí wọn gbé, wọ́n sì kó wọn dé Bahia nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ibi tí ìtàn náà gbà lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe ibi tí èèyàn máa ń retí. Wọ́n ní ọkùnrin gíga kan tó lówó lọ́wọ́ ló rà wọ́n ní gbàǹjo, tó sì dá wọn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nínú ilé náà, wọ́n gbà pé òrìṣà Òṣùmàrè gan-an ni ọkùnrin ọ̀hún. Nígbà tí Otampê pé ọmọ ọdún méjìlélógún, ó wọkọ̀ ojú omi padà sí ilẹ̀ Áfíríkà, ó fẹ́ ọkọ kan tí wọ́n ń pè ní Babá Láji, tọkọtaya sì tún sọdá padà wá sí Bahia, wọ́n dá ilé òrìṣà sílẹ̀. Orúkọ Potogí tí ọkọ ń jẹ́ ni João Porfírio Régis. Maria do Rosário Francisca Régis ni ìyàwó. Régis yẹn ni àwọn ọmọ wọn ṣì ń jẹ́. Èyí tí ayé mọ̀ jù nínú wọn ni Olga Francisca Régis, “Olga de Alaketu”, tó di olórí ilé náà, tó sì kú ní 2005.

Ṣé o wá rí “Ojarô”? Vivaldo da Costa Lima, ọmọ Bahia kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà, tó sì ti gbé ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ló tú u: àgékúrú “Ojá Arô” ni, orúkọ ìdílé Arò ti Kétu. Gbé e sẹ́nu wò. Fáwẹ̀lì “a” ló parí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, “a” náà ló bẹ̀rẹ̀ èkejì, ọ̀kan á sì gbé ọ̀kan mì. Ohun tí à ń ṣe sí “ìyá àgbà” nìyẹn, tó fi di “ìyágbà” lẹ́nu wa. Ẹnu Yorùbá ló gé orúkọ yẹn, kì í ṣe ẹnu Potogí. Ohun tí obìnrin náà gbé sọdá òkun ni orúkọ agbo ilé rẹ̀, ó sì wà nínú orúkọ tí wọ́n ń fi pè é lójoojúmọ́, níbi tí akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣàmì ìrìbọmi kò ti ní wá a.

Èyí ló jẹ́ kí n gbà wọ́n gbọ́, kò sì jẹ́ pé nítorí ọmọ ọba ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọba ṣe fáàrí ní Bahia, Ọ̀yọ́ tàbí Ifẹ̀ ló máa dárúkọ. Ta ni Arò fẹ́ dẹ́rù bà níbẹ̀? Ìdílé kan nínú márùn-ún ní ìlú kan ṣoṣo, ẹni tí kò bá Kétu tan kò lè mọ̀ ọ́n.

Má wá gbé gbogbo ìtàn náà mì láìjẹ o. Ilé Alaketu máa ń sọ pé ní 1636 ni wọ́n dá àwọn sílẹ̀. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Akibiohu tí àwọn fúnra wọn pè ní baba ńlá, láàárín bíi 1780 sí 1795 ni àwọn tó ka ọba Kétu fi í sí. Tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá di àgbàlagbà, tó lọ, tó bọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló máa kọ́lé. Ọdún yẹ̀ ní ohun tó lé ní ọgọ́jọ, orúkọ kò yẹ̀. Ìwọ náà bi bàbá àgbà rẹ léèrè ọdún tí wọ́n bí bàbá tirẹ̀, wàá rí i bó ṣe máa fi ìyàn ńlá kan tàbí ìba kan dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n tó bá ki oríkì orílẹ̀ fún ọ, kò ní fi ti Òpómúléró pe ti Olúfẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ìdílé Yorùbá ayé àtijọ́ tó sì ti ọdún bẹ̀rẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ òdì síwájú.

Ìwé kò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀ yẹn. Nínú ìwé àwọn olówò ẹrú, “Nagô”, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá, tàbí “Mina” ni wọ́n máa ń kọ, èkejì yẹn tilẹ̀ jẹ́ orúkọ etíkun tí ọkọ̀ ti gbéra. Kétu kò sí níbẹ̀, Arò kò tiẹ̀ ṣeé bèèrè. Lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Brazil ní 1888, Ruy Barbosa, mínísítà ètò ìnáwó, pàṣẹ ní oṣù kejìlá ọdún 1890 pé kí wọ́n sun ìwé àkọsílẹ̀ ẹrú tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Àyẹ̀wò DNA tí gbogbo èèyàn ń sáré ṣe báyìí, ó lè sọ fún ọ pé apá ibí yìí ní Áfíríkà ni ẹ̀jẹ̀ rẹ ti wá. Kò lè dárúkọ ilé fún ọ.

Ó wá ku “gbogbo wa ni Ketu” tí o ń gbọ́ káàkiri. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí ọ̀rọ̀ Otampê. Ní Bahia, Ketu ti di orúkọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bọ òrìṣà, ohun tí wọ́n ń pè ní nação: orin wọn, èdè tí wọ́n fi ń ṣàdúrà, bí wọ́n ṣe ń lùlù. Ẹni tó bá ti ń bọ òrìṣà ní ojúbọ Ketu ti di Ketu, kódà bí ìyá ńlá rẹ̀ bá jẹ́ ará Àǹgólà. Ilé tó lókìkí jù nínú wọn, Casa Branca, orúkọ Ìyá Nàsó ló wà lára rẹ̀, oyè ààfin Ọ̀yọ́ sì ni Ìyá Nàsó, òun ló ń bójú tó Ṣàngó Aláàfin. Ọ̀yọ́ wà nínú Ketu, Ìjẹ̀ṣà wà nínú rẹ̀, Ẹ̀gbá náà wà. Ohun tó jẹ́ kí orúkọ Kétu borí, mo fi sí ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ní Brazil, òun ni wọ́n ń pè ní ọba Ketu, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí àwa tó kù sílé ṣe ń rántí rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Periperi, àdúgbò kan ní Salvador, sì ń dá ẹgbẹ́ onílù kárnífà sílẹ̀ ní 1980, “Ara Ketu” ni wọ́n sọ ọ́. Ìlù ni wọ́n ń wí, kì í ṣe ìran.

Tí o bá débi ilé Alaketu ní Matatu, má bi wọ́n ní “ẹ̀yin ọmọ ọba, ẹ̀rí wà?” Kí wọn dáadáa, kúnlẹ̀ fún àwọn ìyá, kí o sì rọra bèèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ìyá ńlá wọn. Fetí sí fáwẹ̀lì tó wà láàárín Ojarô yẹn, bóyá wọ́n ń fà á díẹ̀. Tí wọ́n bá ń fà á, bá mi gbohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ wọn, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi.