Ẹ Bi Màmá Olùkọ́: Ọlidé Gígùn, Ọmọdé àti Omi

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ajílòsun la ń gbé, ní Adó-Èkìtì. Àwọn ìbejì mi jẹ́ ọmọ ọdún 7, àbúrò wọn jẹ́ ọmọ ọdún 3. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ọlidé, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ síbi omi” ni mò ń gbọ́ láàárọ̀ lálẹ́. Agbára wa kò gbé òtẹ́ẹ̀lì tó ní omi ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀rù odò sì ń bà mí. Kí ni ká ṣe? — *Ìyá Ìbejì*

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn, ẹ má lé e lọ. Ẹ mú un dání lọ síbi omi, òun ni kò ní jẹ́ kí ojú yín kúrò lára ọmọ. Àmọ́ ẹ má tìtorí rẹ̀ fi eré omi du àwọn ọmọ.

Àgbàlá ilé yín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òjò la wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, oòrùn sì lè yọ. Ẹ pọn omi sínú báàfù ńlá méjì láàárọ̀, kí oòrùn lè yá a. Ẹ mú ike omi tó ti ṣófo, ẹ fi ìṣó lu ìdí rẹ̀ níhò bíi mẹ́wàá. Bí ọmọ bá rì í bọmi tó sì gbé e sókè, òjò tirẹ̀ ti ń rọ̀ nìyẹn. Ẹ fún àwọn ìbejì ní kọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa sáré gbé omi láti inú báàfù kan sí èkejì. Ẹni tí omi rẹ̀ kò bá dànù ló gbégbá orókè.

Eré kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ ju ọsàn kan tí ẹ kò tíì bó sínú omi, yóò léfòó. Ẹ wá bó òmíràn, kí ẹ rí i pé funfun ara rẹ̀ pàápàá kúrò tán, ẹ jù ú sí i: gbì, ó ti rì sí ìsàlẹ̀. Ẹ wo ojú àwọn ọmọ náà nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ fún wọn pé afẹ́fẹ́ tó wà nínú èèpo ọsàn ló gbé e dúró. Ọdún 26 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá, mo sì ti rí i pé ọmọ tó bá mọ ìdí tí nǹkan fi ń léfòó máa ń tètè kọ́ bí òun náà ṣe máa léfòó.

Bí eré bá ti parí, ẹ da omi náà sídìí ẹ̀fọ́ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì dojú báàfù dé. Ọmọ ọdún 3 lè bomi lọ nínú báàfù tí omi rẹ̀ kò tó orúnkún yín. Bí ó bá fi orí lọ síbẹ̀, apá rẹ̀ kò lágbára tó láti gbé ara rẹ̀ dìde.

Tí owó ọkọ̀ bá yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ọlidé yìí, Ìkọ́gòsí ni kẹ́ ẹ ná an lé lórí. Láti Adó, ọ̀nà Arámọkọ lẹ máa gbà. Omi gbígbóná ń sun níbì kan, omi tútù ń sun níbòmíràn, wọ́n sì pàdé lójú kan ṣoṣo. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìyàwó ọkọ kan náà làwọn méjèèjì, pé ọ̀kan gbóná lára, èkejì sì rọra. Lọ́dún 1952 ni àlùfáà Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà kan, John McGee, dá ibùdó àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ mú àwọn ọmọ dé ibi tí omi méjèèjì ti pàdé gan-an. Nígbà tí mo mú ọmọ-ọmọ mi lọ, ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ inú ọ̀kan, ó ki ẹsẹ̀ òsì bọ inú èkejì. Ó dúró, ó dijú. Ó yá, ó ní, “Màmá, ẹsẹ̀ mi kan wà lórí ibùsùn, ìkejì wà nínú fíríìjì.” Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti sọ ọ́, a ṣì ń fi pè é nínú ilé.

Ìṣàn omi Arìnta ní Ìpólé-Ìlòrò kò jìnnà síbẹ̀, ó sì rẹwà. Omi ibẹ̀ ń já láti orí àpáta. Ní ti ọmọ ọdún 3 yín, ẹ gbé e sẹ́yìn kẹ́ ẹ máa wò ó lókèèrè, torí òkúta ibẹ̀ máa ń yọ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lánàá, ẹ má jẹ́ kí ìbejì náà sún mọ́ ọn.

Níbikíbi tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ yan àgbàlagbà kan tí kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn ju kó máa wo ọmọ lọ. Fóònù rẹ̀ á wà nínú báàgì. Kò ní ya fọ́tò, kò ní bu jọ̀lọ́ọ̀fù. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹlòmíràn á gbà á. Ọmọ tí kò tíì mọ omi í wẹ̀ kò gbọdọ̀ jìnnà ju ibi tí ọwọ́ àgbà náà lè tó o lọ.

Ìbéèrè: Màmá, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sódò ẹ̀yìn ilé wa. Mo ti nà án títí, kò gbọ́. Ó ní òun mọ omi í wẹ̀. — *Bàbá kan ní Ìkéré*

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí àbúrò mi rì. A ń fọ aṣọ lódò abúlé ìyá mi, lẹ́bàá Ìkọ̀lé. Èmi ni wọ́n ní kí n máa wò ó. Mo kàn yíjú láti fún aṣọ ni. Kò ké, kò ju ọwọ́. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, orí rẹ̀ ti dà sẹ́yìn, omi ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu ó ń jáde, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Mo rò pé eré ló ń ṣe. Ìyá kan tó ń rẹ pákí ló rí i, òun ló wọ́ ọ jáde. Wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì títí ó fi húkọ́. Orí ló bá a ṣe. Ó ti bí ọmọ mẹ́rin báyìí, ṣùgbọ́n títí di òní, bí ọmọdé bá dákẹ́ lójú omi, àyà mi á là.

Torí náà, ẹ sọ fún un pé ẹni tó ń rì kì í pariwo. Ẹnu tí ì bá fi ké, èémí ló ń fi wá.

Ẹ gbé ẹgba sílẹ̀, kí ẹ sì bá a lọ sódò. Ẹ ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lè kanlẹ̀, kó wo òkè, kó máa mí, kó má fọwọ́ pa omi, ìṣẹ́jú kan péré. Tí kò bá lè ṣe é, kò tíì mọ omi, ẹ kọ́ ọ. Omi òjò pọ́n báyìí, kò sẹ́ni tó rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà kò gbọdọ̀ fi orí bẹ́ sí i. Ó sì lè má rọ̀ ní Ìkéré rárá, kí odò yín ṣàdédé kún nítorí pé ó rọ̀ lókè odò.

Omi tó dúró sójú kan, tí koríko kún etí rẹ̀ tí ìgbín omi sì wà níbẹ̀, kó má wọ̀ ọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àtọ̀sí ajá: kòkòrò rẹ̀ ń gba awọ ara wọlé láìsí ọgbẹ́ kankan. Bí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń pè é.

Ẹ so okùn mọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ẹ ti dé pa pinpin, kó máa wà létí odò nígbà gbogbo. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń rì, kó má bẹ́ sómi tọ̀ ọ́ o. Òun ni ẹni tó ń rì á kọ́kọ́ dì mọ́. Kẹ́ẹ̀gì ni kó jù sí i, kó sì máa ké sí àgbà. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tí kò mí jáde, ẹ má dorí rẹ̀ kodò bí wọ́n ṣe ṣe àbúrò mi. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ fún imú rẹ̀ pa, kí ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá tíì mí, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá nígbà 30, ẹ fẹ́ èémí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́ dúró títí ẹ ó fi rí ìrànlọ́wọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Ìyá ọkọ mi ní ibà ni eré inú òjò máa ń fà. Ṣé òótọ́ ni? — *Ìyàwó kan ní Ìjerò*

Ìdáhùn: Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà wá, òjò kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má bá ìyá jiyàn. Ẹ bá wọn da omi tó dúró sínú táyà àti agolo ẹ̀yìn ilé nù, ọkàn wọn á balẹ̀. Kí àwọn ọmọ ṣeré nínú òjò nínú ọgbà, kí wọ́n jìnnà sí gọ́tà. Àrá àkọ́kọ́ tí ẹ bá gbọ́, ẹ kó gbogbo wọn wọlé, ẹ nù wọ́n gbẹ, kí ẹ sì fún wọn ní ògì gbígbóná.