Ọmọ mi ní òun ti wo fíìmù ẹ̀, kí lòun tún fẹ́ fi ìwé ṣe?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, Manchester ni mò ń gbé. Àbúrò àwọn ìbejì mi ti di ọmọ ọdún 15. Mo ka ìwé méjìlá sílẹ̀ fún un fún ìsinmi yìí, ti Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì, kó lè mọ ilé. Ó wò ó títí, ó ní, "Mọ́mì, àwọn kan ti di fíìmù nínú ẹ̀. Màá wo fíìmù, ó tán." Ṣé kí n jẹ́ kó wò ó ni, àbí kí n fi dandan mú un? Èmi Ìyá Ìbejì.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ lèmi náà, Toronto ni iṣẹ́ gbé mi dé, àwọn ọmọ mi méjèèjì ló sì ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí mi lójú. Ẹ kọ́kọ́ dín ìwé yẹn kù ná. Méjìlá! Èmi bàbá wọn gan-an, mi ò ka méjìlá lọ́dún tó kọjá. Ẹ mú mẹ́ta. Ẹ wá wò ó, èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́? Ibẹ̀ lèmi ti ń mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú, ìwé ni o, fíìmù ni o.

Ẹ wo Ó Le Kú. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ọ́ ní 1974, Túndé Kèlání fi ṣe fíìmù ní 1997. Yorùbá ni látòkèdélẹ̀. Ẹ gbé e fún ọmọ tó dàgbà sí òkèèrè, oorun á ti gbé e lọ kó tó ṣí ewé kejì. Fíìmù ni mo fi ṣáájú fún ọmọbìnrin mi. Nígbà tó fi máa gbé ìwé, ó ti mọ Àjàní, ó ti mọ àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń fẹ́, Àṣákẹ́, Lọlá àti Ṣadé, ọ̀rọ̀ wọn sì ti wà létí ẹ̀.

Ìgbà tá a lọ sílé, màmá mi ti ọjà Olúwo dé, wọ́n jókòó síwájú ilé, wọ́n ń họ ìpẹ́ epìyà. Ọmọ náà ń kàwé fún wọn. Ó dé ibi "ọ̀rẹ́", ó pè é ní "ọrẹ". Màmá ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára ẹja: "Ta ló ta á lọ́rẹ? Ọ̀rẹ́ ni." Ó tún un pè. Nígbà tó ṣe, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wọlé lọ gbé fọ́tò kan jáde: àwọn fúnra wọn, ìró ò kọjá orúnkún, apá bùbá fẹ̀ bí agbòòrùn. Ìmúra tí wọ́n ń pè ní Ólekú yẹn náà ni fíìmù tún gbé dóde. Ẹnu ya ọmọ mi, ó rò pé àwọn tó ṣe fíìmù ló dá a rò.

Ó sọ ohun kan fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní nínú fíìmù, àánú Àjàní ń ṣe òun, àmọ́ nínú ìwé, inú ń bí òun sí i, torí òun ń gbọ́ ohun tó ń rò. Mi ò dá sí i. Ohun tí mo ń wá ti bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ti Ẹlẹ́ṣin Ọba yàtọ̀ pátápátá. Gẹ̀ẹ́sì ni Wọlé Ṣóyínká fi kọ eré náà, Death and the King's Horseman, tó jáde ní 1975, láti inú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láàárín àwọn ọdún 1940. Bíyí Bándélé wá sọ ọ́ di fíìmù, Yorùbá ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ọdún 2022 ló dé orí Netflix, Bándélé ti kú kó tó jáde. Ìwé ni kó ṣáájú níbí o. Ọmọkùnrin mi kà á, ó ń ráhùn: kí ló dé tí wọn ò lè sọ̀rọ̀ tààrà, òwe lórí òwe? Ọjọ́ tó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ní Yorùbá, ó dìde lórí àga: "Dádì, ohun tí wọ́n ń sọ nìyí!" Ká sọ tòótọ́, adùn Gẹ̀ẹ́sì Ṣóyínká kì í bá wọn dé inú fíìmù, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kó fi fíìmù rọ́pò ìwé.

Half of a Yellow Sun ń kọ́? Kó kà á. Ojú Ugwu, ọmọ ọ̀dọ̀, ni ìwé ìtàn Chimamanda Adichie yìí fi bẹ̀rẹ̀. Fíìmù 2013 tì í sẹ́yìn, Olanna àti Kainene, àwọn ìbejì obìnrin inú ìtàn náà, ló gbé síwájú. Ẹ̀yin Ìyá Ìbejì lè má rí ohun tó burú níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ dákun, ẹ bi í léèrè, àwọn wo gan-an ló ní ó ti di fíìmù? Bí Ẹlẹ́ṣin Ọba bá wà lára wọn, ẹ yára yí ọ̀rọ̀ aṣínà Netflix yín padà lálẹ́ òní.