Báwo la ṣe lè dáàbò bo ọmọ ọdún 3 nínú ilé tó ní písíìnì (adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́) ní Àjàṣẹ́?

Ọgbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Kó yí písíìnì náà ká pátápátá, títí kan ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ilé, kó ga tó mítà 1.2 ó kéré tán, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì máa tì fúnra rẹ̀. Ògiri agboolé nìkan kò tó, torí inú ilé gan-an lọmọ ti ń jáde lọ síbẹ̀. Ọmọ tó ń rì kì í sábà pariwo. Nítorí náà, àgbàlagbà tí kò mú fóònù dání ni kó dúró níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó ọmọ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọmọ ṣọ́ ọmọ. Ẹ bo kànga àgbàlá náà o.